Ọtí àti Ọmọ Ọmú: Bí Abiyamọ Ṣe Máa Ka Aago Kí Ọtí Má Bàa Kan Ọmọ

Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ní Abẹ́òkúta, ìyá ìkókó ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ kẹ́. Ẹnì kan á gbé ẹmu funfun wá, á ní kí ọmú lè kún ni. Ẹlòmíràn á da ọtí dúdú sínú ife, á ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Àgbà obìnrin kan nínú ilé á ti ra àgbo jẹ́dí kalẹ̀, ogógóró ni wọ́n sì fi rẹ ẹ́. Ìfẹ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ wà níbẹ̀ tí yóò gba tirẹ̀ nínú ohunkóhun tí ìyá bá mu.

Kí abiyamọ má mutí rárá ló dára jù, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ìyá tó bá sì fẹ́ mu níwọ̀nba, kò yẹ kó torí ẹ̀ já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ. Àkókò nìkan ló ń kó ọtí kúrò nínú omi ọyàn. Ẹni tó bá mọ iye tó mu, tó sì mọ aago tó mu ún, á lè dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ méjèèjì, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe tó máa dípò ẹ̀.

Bí ọtí ṣe ń dé inú ọmú

Ohun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ló wà nínú omi ọyàn rẹ̀, ìwọ̀n wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ìyá bá mutí lórí ikùn òfìfo, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ni ọtí máa pọ̀ jù nínú omi ọyàn. Bó bá jẹun, ó lè tó wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń pa ọtí inú ẹ̀jẹ̀ run díẹ̀díẹ̀ ni ti inú ọmú náà ń dín kù, nítorí ọtí a máa gba inú omi ọyàn padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Ìdí nìyí tí fífún omi ọyàn dànù kò fi wúlò fún yíyọ ọtí. Bí ẹ bá fún gbogbo rẹ̀ dànù lágogo méjì tí ọtí sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, èyí tó bá sọ̀ lágogo méjì àbọ̀ á ní ọtí nínú. Bí ọmú bá kún tó sì ń ro yín, ẹ fún díẹ̀ dànù kó lè rọ̀, kó má bàa wú. Ìtura lẹ fi wá, ẹ kò yọ ọtí. Ẹ má sì tọ́jú omi ọyàn tí ẹ fún nígbà tí ọtí wà lára yín. Èyí tó wà nínú ọmú á mọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti bọ́ sínú ìgò, bó ṣe wà náà ni yóò wà, bó tiẹ̀ sun nínú fìríìsà fún oṣù kan.

Kọfí tó korò, omi àgbọn, epo pupa, mílíìkì, omi tútù sí orí, gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ní ó ń pa ọtí, kò sí èyí tó ń mú ẹ̀dọ̀ yára nínú wọn. Kọfí lè mú kí ojú yín là, ṣùgbọ́n omi ọyàn yín kò tíì yí padà.

Ó yẹ kí ìyá mọ bí nǹkan yìí ṣe tó, kí ẹ̀rù má bàa bà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá tó mu òṣùwọ̀n kan péré (a máa ṣàlàyé òṣùwọ̀n nísàlẹ̀), ọtí tó wà nínú omi ọyàn rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 0.05% lọ. Bíà jẹ́ 5%. Nítorí náà, ìkókó tó bá ṣèèṣì mu ọmú lẹ́yìn ife wáìnì kan kò gbọdọ̀ di ohun tí ìyá á máa sunkún lé lórí. Ìṣòro ń bẹ níbi àmutúnmu, níbi mímu lójoojúmọ́, níbi ọmọ tuntun tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára, àti níbi ìyá tí ọtí ń pa tó sì gbé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí ọmọ

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta: ẹ má mutí. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́ra. Bí ìdajì bí ẹ̀dọ̀ àgbà ṣe ń yára pa ọtí ni tirẹ̀, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ó sì ń mu ọmú ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, àyè wo ni ìyá máa wá rí láàárín ọmú kan sí òmíràn tí ọtí á fi kúrò? Àkókò yìí gan-an sì ni ọmú ń kọ́ iye tí yóò máa sọ̀.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n, ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ti aláìsàn ibà pọ́njú, tàbí tó ń ṣàìsàn: kí ìyá rẹ̀ má mu rárá títí dókítà yóò fi sọ pé ara rẹ̀ ti le.

Láti oṣù mẹ́ta lọ, òṣùwọ̀n kan lójúmọ́ ni òpin, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́. Bó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà tó ti ń jẹ ògì àti oúnjẹ mìíràn, ó túbọ̀ rọrùn láti sún àkókò ọmú síwájú.

Ẹ wọn ọtí yín kó tó kan ẹnu

Ibi tí ọ̀pọ̀ abiyamọ ti ń ṣi í mú nìyí. Wọ́n á ní “ìgò kan péré ni mo mu.” Ìgò wo? Ìgò bíà ńlá wa jẹ́ 60cl, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n kan tí àwọn oníṣègùn ń sọ kò ju nǹkan bíi 36cl bíà 5% lọ. Ọtí ògidì tó wà nínú òṣùwọ̀n kan jẹ́ gíráàmù 14.

Bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ẹ wo ara ìgò. Wọ́n kọ bí ó ṣe pọ̀ tó síbẹ̀ (60cl, 32.5cl), wọ́n sì kọ bí ọtí rẹ̀ ṣe lágbára tó (5%, 7.5%, 12%). Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara wọn, kí ẹ pín in sí 180. Iye tó bá jáde ni iye òṣùwọ̀n tó wà nínú ìgò náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wákàtí méjì àbọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po, ẹ ti mọ bó ṣe máa pẹ́ tó nìyẹn.

Bíà ńlá 60cl tó jẹ́ 5%: 300 pín sí 180, ó lé díẹ̀ ní òṣùwọ̀n kan àbọ̀. Wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀.

Ọtí dúdú ńlá 60cl tó jẹ́ 7.5%: 450 pín sí 180, òṣùwọ̀n méjì àbọ̀ gééré. Ó ju wákàtí mẹ́fà lọ. Abiyamọ kò gbọ́dọ̀ dá èyí mu tán.

Ọtí dúdú kékeré 32.5cl tó jẹ́ 7.5%: nǹkan bí òṣùwọ̀n kan àti ìdá mẹ́ta. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀.

Wáìnì 12%: 15cl ni òṣùwọ̀n kan, wákàtí méjì àbọ̀. Gíláàsì òde ńlá tí wọ́n bá rọ kún dẹ́nu lè gba 25cl, ìyẹn ti ju òṣùwọ̀n kan àbọ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n rọ ọ́ dé ìdajì.

Ọtí líle 40%, ṣínáàpù, burandí àti àwọn bítà tó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀: 4.5cl ni òṣùwọ̀n kan.  Ọtí inú ọ̀rá tó jẹ́ 3cl, ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta òṣùwọ̀n. Méjì ti rékọjá òpin.

Ẹmu ni kò ṣeé ṣírò dáadáa. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́rùn ọ̀pẹ láàárọ̀ kùtùkùtù dùn, ọtí inú rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú tí adẹ́mu ti gbé e sọ̀ ló ti ń kan. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó lè ti tó 4%, èyí tó sì sùn mọ́jú á sún mọ́ bíà tàbí kó kọjá rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n gbé kiri láti àárọ̀ nínú oòrùn Láfẹ́ńwá kì í ṣe ẹmu òwúrọ̀ mọ́, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Ẹ kà á sí bíà: nǹkan bíi 36cl, òṣùwọ̀n kan.

Wákàtí méjì àbọ̀ yìí bá obìnrin tó wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 55 sí 60 mu. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ka wákàtí mẹ́ta sí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n kejì kì í bá ti àkọ́kọ́ rìn pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tò sí. Ẹ̀dọ̀ kì í yára torí pé iṣẹ́ pọ̀ fún un.

Àwọn tí abiyamọ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn

Ogógóró tí kò ní àkọlé. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe lágbára tó. Ti òní lè jẹ́ 30%, kí ti ọ̀la jẹ́ 60%. Ewu mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, sì wà níbẹ̀. Ní 2015, irú ogógóró bẹ́ẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Paraga àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Lẹ́yìn ìbímọ, ìdí máa ń ro obìnrin, ìgbẹ́ máa ń le, jẹ́dí sì lè yọ, ni wọ́n á bá ní kó lọ mu àgbo níbi ìkóríta. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó gbà á: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé omi, omikan, àbí ọtí lẹ fi rẹ ẹ́?” Bó bá ní ọtí ni, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Bó tiẹ̀ jẹ́ omi ni, ewé tí a kò mọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ kò yẹ fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ohun tó ń dẹ ìgbẹ́ ni omi púpọ̀, ìbẹ́pẹ, ọsàn, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Fún ìdí tó ń ro ni, ẹ jókòó sínú agbada omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ fi han nọ́ọ̀sì.

Ọtí pẹ̀lú òògùn. Tramadol àti codeine, òògùn apàrora tí wọ́n lè fún obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, máa ń kọjá sínú omi ọyàn, wọ́n sì lè mú kí èémí ọmọ rẹ̀wẹ̀sì. Bí ọtí bá kún un, ewu náà le gan-an. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, kó fún yín ní òmíràn. Òògùn tó ń múni sùn, títí kan Piriton, kò gbọ́dọ̀ bá ọtí pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni Flagyl, tí wọ́n ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé ó lè mú kí ẹni tó bá mutí sí i máa bì, kí àyà rẹ̀ sì máa já.

Ẹ fún omi ọyàn pamọ́ ṣáájú

Ìyá tó mọ̀ pé òun ń lọ òde lọ́jọ́ Sátidé, láti Ọjọ́rú ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ló dára jù, nítorí ìgbà yẹn ni ọmú sábà máa ń kún. Ọmọ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà máa ń mu nǹkan bíi mílílítà 90 sí 120 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pèsè ti ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ fi mílílítà 60 lé e. Inú ohun èlò kéékèèké ni kí ẹ pín in sí, nítorí èyí tí ọmọ bá mu kù kì í ju wákàtí méjì lọ kí ẹ tó dà á nù.

Ọwọ́ lásán tó láti fún un, ẹ̀rọ kò pọn dandan. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ se ife onígíláàsì tàbí oníke líle tó ní ìdérí nínú omi híhó, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ rẹ aṣọ inura sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi lé ọmú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ rọra wọ́ ọ láti òkè wá sí orí ọmú. Nísinsìnyí, ẹ fi àtàǹpàkò sí òkè, ìka ìlábẹ̀lá sí ìsàlẹ̀, kó jìn sí orí ọmú tó fífẹ̀ ìka méjì. Ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ wá fún àwọn ìka méjèèjì papọ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Tì í, fún un, tú u. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ̀kán méjì péré lè jáde tàbí kó má jáde rárá. Ẹ má dúró. Nígbà tó bá yá, á máa tú fín-ín. Ẹ má jẹ́ kí ìka máa yọ́ lórí awọ, ìyẹn ló ń bó o. Ẹ má sì fún orí ọmú gan-an, nítorí kò sí omi níbẹ̀, ìrora nìkan ló wà. Ẹ yí ìka sí ọ̀tún àti sí òsì kí gbogbo apá ọmú lè ṣófo. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ bọ́ sí ìkejì, kí ẹ tún padà. Gbogbo rẹ̀ á gbà tó ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n.

Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí ara rẹ̀. Nínú yàrá tó tutù, omi ọyàn lè wà fún wákàtí mẹ́rin. Ní ooru Abẹ́òkúta, pàápàá láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta tí òrùn ń ta lára àpáta, ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́ta lọ. Nínú fríìjì, ọjọ́ mẹ́rin, kó wà ní ẹ̀yìn pátápátá, kì í ṣe lára ilẹ̀kùn. Nínú kúlà tí yìnyín kún, wákàtí mẹ́rìnlélógún. Fìríìsà lè gbé e fún oṣù mẹ́fà bí iná bá dúró. Ṣùgbọ́n iná wa kì í dúró. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má ṣí fríìjì. Bó bá ń pẹ́, ẹ kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Èyí tó ti yọ́ tán nínú fìríìsà, ẹ lò ó láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ má dá a padà kó tún dì.

Láti mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ gbé ife náà sínú abọ́ omi gbígbóná, kí ẹ máa fì í yípo. Ẹ má gbé e ka iná, ẹ má fi sí maikirowéfù. Ó máa ń gbóná lójú kan kó sì jó ọmọ lẹ́nu. Ife kékeré tó mọ́ ló dára láti fi fún un ju ìgò oúnjẹ ọmọ lọ, nítorí ó rọrùn láti fọ̀. Kí ẹni tó ń fún un gbé ọmọ jókòó dáadáa, kó fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀, kó jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa lá a. Ẹni tó bá ń dà á sí i lẹ́nu á mú kó sé e. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà tàbí ẹni tó máa dúró tì í fi dánra wò kí ọjọ́ òde tó pé.

Lọ́jọ́ òde

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá ọlọ́mọ oṣù mẹ́rin kan tó ń lọ sí ìgbéyàwó ní Kútọ̀. Kó yan bùbá tó ṣí níwájú tàbí tó fẹ̀ lọ́rùn. Léèsì tó há mọ́ ara kì í jẹ́ kí ìyá ráyè fọ́mọ lọ́mú tàbí kó fún un, ọmú á wá le gbagidi.

Lágogo méjìlá àbọ̀, kó fọ́mọ lọ́mú títí yóò fi yó. Kí wọ́n tó gbé ọtí dé, kó jẹun: láfún pẹ̀lú ewédú, tàbí ọ̀fadà, ohun tó máa dúró sínú. Oúnjẹ kì í pa ọtí, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó sáré wọ ẹ̀jẹ̀. Kó mu omi ife kan.

Lágogo kan, ó bẹ̀rẹ̀ ife wáìnì 15cl kan, ó sì mu ún tán lágogo kan kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Ó tẹ aago ìkẹyìn yẹn sínú fóònù. Ìgbà tí ife tán ni kó máa kà láti ibẹ̀, nítorí ìyẹn ló ní ààbò jù. Wákàtí méjì àbọ̀ gbé e dé agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ebi bá pa ọmọ lágogo mẹ́ta àbọ̀, ti inú kúlà ni wọ́n á fún un. Bí ọmú bá kún láàárín ìgbà yẹn, kó fún díẹ̀ dànù.

Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa rọ ọtí kún ife tí kò tíì tán, nítorí òṣùwọ̀n rẹ̀ ti dàrú nìyẹn. Bí wọ́n bá ń rọ ọ́ ṣáá, kó gbé ife mọ́ọ̀tì sọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi í.

Bí ohun gbogbo bá dà rú, tí omi ọyàn tí ẹ fún pamọ́ tán, tí ọmọ sì ń ké? Bó bá jẹ́ òṣùwọ̀n kan lẹ mu, tí wákàtí méjì ti kọjá, tí ojú yín sì là kedere, ẹ fún un lọ́mú. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílíìkì ọmọ tí wọ́n pò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo ni kí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kan yẹn. Bí ara yín bá ń yí, ẹ má gbé ọmọ rárá, ẹ má sì pọ̀n ọ́n.

Oorun alẹ́

Nínú gbogbo ohun tó wà níhìn-ín, èyí ló ń pa ọmọ jù. Ìyá tó ti mutí máa ń sùn wọra; ọmọ lè bọ́ sí abẹ́ apá rẹ̀ tàbí kí ìrọ̀rí bò ó nímú, kò sì ní mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá mutí, bó tiẹ̀ jẹ́ ife kan, ọmọ kò gbọ́dọ̀ bá yín sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí ẹní, tàbí lórí àga tìmùtìmù, èyí tó léwu jù. Ẹ tẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú yàrá kan náà, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sí ìrọ̀rí, kò sí aṣọ ńlá. Baba ọmọ tó ti mutí náà wà lábẹ́ òfin yìí.

Ṣé ọtí ń mú ọmú kún?

Rárá. Ọtí a máa dí oxytocin lọ́wọ́, èyí tó ń ti omi ọyàn jáde, kì í wá tètè sọ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1991 fi hàn pé lẹ́yìn tí ìyá bá mutí, omi ọyàn tí ọmọ ń mu máa ń dín kù, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ọmọ á sùn, á tètè jí. Ìyá á ní ọmú òun kún gan-an lẹ́yìn tí òun mu ẹmu. Ó kún nítorí pé ọmọ kò mu ún tán.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmú pọ̀, ẹ máa fọ́mọ lọ́mú nígbà gbogbo, lọ́sàn-án àti lóru, kó mu ọ̀kan tán kí ẹ tó gbé ìkejì fún un, kó sì gbá àyíká orí ọmú mú, kì í ṣe ṣónṣó orí rẹ̀ nìkan. Ẹ̀kọ gbígbóná, omi, ẹja àti ẹ̀wà á gbé ara ìyá ró. Mọ́ọ̀tì tí kò ní ọtí kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òògùn.

Níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ má fi ọtí kan ẹnu ọmọ. Ẹ má fi oyin kàn án pẹ̀lú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lè ti ara oyin kó àrùn tó ń rọ iṣan rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣàdúrà, kí bàbá àti ìyá tọ́ oyin wò nípò ọmọ. Ẹ wo ara ìgò omi inú-rírun tí wọ́n ń tà fún ọmọ pẹ̀lú, kí ẹ rí i pé kò ní ọtí.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn

Bí ọmọ bá ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ tí kò ṣeé jí, tí kò lè fa ọmú, tí ara rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀tọ̀, tí èémí rẹ̀ ń lọ́ra, tí ara rẹ̀ tutù tàbí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má dúró wo bóyá á lọ. FMC (ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀) ní Ìdí-Àbà, Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìjàyè, tàbí Sacred Heart ní Lántòrò, èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn: ohun tí ẹ mu, iye rẹ̀, aago tí ẹ mu ún, aago tí ọmọ mu ọmú gbẹ̀yìn, àti bóyá ẹnì kan fi nǹkan sí ọmọ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ àgbo, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání. Ẹ má fi epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu lọ́nà. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyá tí ọtí ti mọ́ lára

Bó bá jẹ́ pé ìyá kì í lè lo ọjọ́ kan láìmutí, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu, kíka aago kò lè gbà á. Kó má sì ṣàdédé dá ọtí dúró nílé: ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ lè ní gírì, kó sì máa rí ohun tí kò sí, bó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àrò, níbí ní Abẹ́òkúta, ń tọ́jú ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, kì í ṣe ẹni tó ń rìn níhòòhò nìkan ni wọ́n ń gbà. Kí ẹnì kan bá a lọ, kó gbé ọmọ dání, kó sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé òun ń fọ́mọ lọ́mú, torí ìyẹn ni wọ́n máa fi mọ òògùn tí wọ́n máa fún un àti ohun tí ọmọ á máa mu títí ara ìyá á fi balẹ̀.